Àwọn wo ló dúró tì yín nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ẹ̀yin ará wa lókè ọya. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta ọjà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Kubwa níbí (kéèyàn máa ta ọjà ilé iṣẹ́ kan, kó sì máa mú ẹlòmíì wọlé sábẹ́ ara ẹ̀ láti tà á), ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín, tíì, páàdì obìnrin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ́pláìnì mi, ìyẹn ẹni tó mú mi wọlé, ní kí n kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn tí mo mọ̀ sínú ìwé, kí n máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́, mo sì pè wọ́n. Ẹni tá ò gbúròó ara wa láti ọdún márùn-ún, "ẹ káàárọ̀, ilé ńkọ́" tán, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ló kàn. Èèyàn mọ́kànlélógún ló forúkọ sílẹ̀, kí ọdún yẹn tó parí ó ti ku méjì, ọ̀kan nínú méjì yẹn sì ni àbúrò mi. Ọjọ́ tí mo pa ìwé yẹn tì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó yí mi ká ṣe bí ọmọnìyàn ni nǹkan yí padà. Mẹ́rìndínlógún ló wà lábẹ́ mi báyìí, kò sí èyí tí n ò mọ ilé ẹ̀, kò sì sí èyí tí ò tíì jẹun nínú ìkòkò mi. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe rí àwọn tó dúró tì yín? Èyí tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ o, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ yín ní sẹ́mínà.

Onísùúrù Nyanya
Ìwé ọgọ́rùn-ún orúkọ! Áà. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀ tí wọn ò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní.

Ìyàwó Sójà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Bárékè là ń gbé nígbà náà ní Kaduna, obìnrin kan wà ní ilé tó kọjú sí tiwa, ará Benue ni, wọ́n ti kó ọkọ ẹ̀ lọ sí Maiduguri, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀ kò ní gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀ torí fóònù kì í wọlé níbi tí wọ́n wà, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ara obìnrin yìí á máa gbọ̀n, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí tí wọn ò bá tíì kó ọkọ yín lọ ojú ogun rí. Ni mo bá ń kó àwọn ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ lálaalẹ́, àá jọ dáná, àá jọ wo tẹlifíṣọ̀n, tí oorun bá gbé àwọn ọmọ lọ àá kàn jókòó. Páálí ọjà kún pálọ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Ó tó oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ kan ló fúnra ẹ̀ bi mí pé Mama Ṣọlá, kí ló wà nínú àwọn páálí yẹn gan-an? Mo ní ọjà tí mò ń tà ni. Ó ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi lọ̀ mí láti ọjọ́ yìí? Mo ní mi ò fẹ́ kó o rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá. Ẹkún ló bú sí. Ọṣẹ ìfọyín kan ṣoṣo ló rà lọ́jọ́ yẹn, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé wa kúrò níbẹ̀ tipẹ́, Abuja la wà báyìí, obìnrin yẹn ṣì ń bẹ lábẹ́ mi, ẹgbẹ́ tiẹ̀ ti ju tèmi lọ.

Àgùnbánirọ̀ Gwagwalada
Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Onísùúrù Nyanya
Èmi lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ti bọ́ lójú mi nínú mọ́tò, gosíló Nyanya yìí ò sì tíì lọ.

Alápò Lugbe
Ẹ má bínú ma, mi ò wá jà. Oṣù mẹ́jọ yẹn, ṣé kò wá sí yín lọ́kàn rárá pé obìnrin yìí lè wọlé? Torí mo mọ àwọn èèyàn tó ń fi oṣù mẹ́jọ dẹ pańpẹ́. Wọ́n á wá síbi ìkómọ ẹ, wọ́n á bá ẹ fọ abọ́, oṣù kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù á jáde. Ẹnì kan ṣe é fún mi rí, mo sì fẹ́ràn ẹni yẹn, òun ló dùn mí jù.

Ìyàwó Sójà
Alápò, ó wá sí mi lọ́kàn, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Páálí wà ní pálọ̀ mi, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà lọ́rùn mi, báwo ni ò ṣe ní wá? Àmọ́ ká ní kò rà á títí dòní, mi ò ní ṣàì lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ẹ̀dùn ọkàn tìẹ yẹn, pẹ̀lẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Kano
Ìbéèrè Alápò dáa àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ojú ọjà wò ó. Ìyá mi ta àwo àti ike ní Sabon Gari fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn oníbàárà wọn ló kún àgbàlá wa, Ìgbò, Hausa, Nupe. Ṣé ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n ra àwo ni? Wọ́n fẹ́. Àmọ́ wọ́n mọ orúkọ ọmọ gbogbo wọn, wọ́n mọ ẹni tí àrùn ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà lápá ibí ẹ máa mọ̀ pé tó o bá dé ọ̀dọ̀ Hausa kíkí nìkan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ina kwana, ya gida, ya yara, ya gajiya, tó o bá fò ó kọjá tó o wá fa ọjà yọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹ, wọ́n á ní sai an jima, ó parí nìyẹn. Ìyàwó mi ló ń ta tiwa, àwọn eléhàá ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ẹ̀, èmi ọkùnrin ò lè wọ ibẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó wọn kó tó gbé báàgì ọjà dání lọ lọ́jọ́ kan. Ó ti gbọ́ Hausa débi pé tínú bá ń bí i sí mi òun ló máa ń sọ. Ní báyìí tó bá wọ ilé kan, obìnrin mẹ́fà á ti jókòó dè é.

Ará Jos
Àmáánà ni, ìfọkàntán. Hausa ń pè é bẹ́ẹ̀, àwa náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Garki
Ẹ̀yin ará, àjọṣe tòótọ́ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Disemba 2016 tí MMM, ètò tó ní òun á sọ owó èèyàn di púpọ̀, ní àwọn ti ẹnu ọ̀nà pa fún oṣù kan, ta ló mú àwọn èèyàn wọ ibẹ̀? Ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n, ìyá ìyàwó. Oṣù kẹrin 2025 tí CBEX, irú ètò kan náà, dẹnu kọlẹ̀, ọ̀rẹ́ àti ẹbí náà ni. Àjèjì ò lè tan ẹni tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bá ti gbọ́ "wá sábẹ́ mi" báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa wá ọ̀nà.

Alhaja Minna
Garki, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa ẹ́ lórí. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé tí ẹnì kan ò bá tún forúkọ sílẹ̀ láti òní lọ, ṣé owó á ṣì máa wọlé? Tí mo bá ta ọṣẹ fún aládùúgbò mi tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rárá, èrè mi wà níbẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti tán. Níbi tí kò ti sí ọjà, owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó wọlé lánàá, ọjọ́ tí ẹni tuntun bá tán ni gbogbo ẹ̀ wó. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti sọ irú ẹ̀ di ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e kalẹ̀. Bí ọjà bá wà náà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé tíì ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ẹ sá. Mo ti ní kí ẹnì kan kúrò lábẹ́ mi torí ó sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé kí wọ́n má lo oògùn dókítà mọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni o. Ìyá ẹ̀ bínú sí mi fún ọdún kan.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Garki
Ẹ ṣé Alhaja. Ó yé mi jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọlọ́run á san yín lẹ́san ti bàbá yẹn.

Àgùnbánirọ̀ Gwagwalada
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, tèmi rèé. Lóṣù kejì tí mo jáde ní káńpù, bùrọ̀dá kan ní kí n fi àláwì mi, owó tí ìjọba ń san fún àgùnbánirọ̀ lóṣooṣù, ra páàkì ọjà, náírà 77,000 là ń gbà, ẹgbẹ̀rún 60 ni páàkì. Mo rà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n ní tí mi ò bá ra òmíràn pọ́íǹtì mi, máàkì tí wọ́n fi ń gbéni sípò, á jóná, mo rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ń pè mí lójoojúmọ́ láàárọ̀ láti bi mí pé èèyàn mélòó ni mo bá sọ̀rọ̀ lánàá. Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ mo fi ránṣẹ́ sí wọn pé ara mi ò yá, èsì tí wọ́n fún mi ni "get well soon, má gbàgbé pé oṣù ń parí lọ." Ìyá tó ń ta kókó àti kòsé níwájú lọ́ọ̀jì wa ló gbé oúnjẹ wá, wọn ò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Hausa, a kàn ń wo ara wa. Mo ti kúrò níbẹ̀. Ọṣẹ ṣì kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Onísùúrù Nyanya
Má gbàgbé pé oṣù ń parí lọ??? Sí ọmọ tí ibà ń pa?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Kano
Ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó fi oúnjẹ ọmọ dí pọ́íǹtì, kò ní ẹgbẹ́, páálí ló ní.

Ìyàwó Sójà
Ọmọ mi, fi iye ọṣẹ tó kù ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kó o sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ tó wà lára ẹ̀. Màá rí ibi tí a lè tà á sí, gbogbo owó ẹ á wá sọ́wọ́ ẹ. O ò ní forúkọ sílẹ̀ sábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gún mi lọ́kàn. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo ti jẹ́ irú bùrọ̀dá yẹn fún ẹnì kan. Ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ní òpópó wa, mo ní kó yá owó kó lè dé ipò kan kí oṣù tó tán, torí ipò tiẹ̀ ló máa gbé tèmi. Ó yá a. Mi ò bi í léèrè báwo ló ṣe máa san án. Ọdún kejì ni mo lọ bá a, mo san ìdajì gbèsè náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gba owó, ó dárí jì mí, kò sì pa dà wá, mi ò sì ní kó pa dà. Ìdí tí mo fi bi yín ní ìbéèrè yìí nìyẹn.

Alhaja Minna
Kí Ọlọ́run gbà á bí ìtọrọ àforíjì. Ní àsàlátù wa a ti fòfin dè é, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé fọ́ọ̀mù nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọbẹ̀, àtèmi náà. Ẹni tó wá gbàdúrà kò gbọdọ̀ máa ṣọ́ báàgì ẹni tó jókòó tì í.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Kano
Alhaja, mi ò gbà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa là ń tà á sí, ibẹ̀ náà là ń tà aṣọ ẹbí, ibẹ̀ là ń dájọ. Kí ló wá dé sí ọṣẹ?

Alhaja Minna
Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ayé lẹ ń bá pàdé. Àti pé ọjà títà ò dùn mí, ìforúkọsílẹ̀ ni mo sọ.

Alápò Lugbe
Mo wà lẹ́yìn Alhaja lórí èyí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ṣọ́ọ̀ṣì wa di ibi ìgbàfọ́ọ̀mù, àwọn kan ò wá mọ́.

Ará Jos
Ẹ ti àríyànjiyàn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àwìn ńkọ́? Èmi àwìn ló tú ẹgbẹ́ mi ká. Àwọn tí mo fún lọ́jà láwìn ni wọn ò wá sílé mi mọ́, wọ́n ń fi mí sá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó yẹn ló ká mi lára bí àìrí wọn.

Onísùúrù Nyanya
Pè wọ́n, Ará Jos. Sọ fún wọn pé wọ́n lè wá láìmú owó dání. Mo ṣe é fún ẹnì kan, ó wá, ó gbé ìrẹsì dání.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba Garki
Ìyàwó Sójà, ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín. Ọkọ obìnrin Benue yẹn ńkọ́, ṣé ó dé?

Ìyàwó Sójà
Ó dé o. Ọjọ́ Jímọ̀ kan nírọ̀lẹ́, à ń gé ilá lọ́wọ́. Ó fẹsẹ̀ pa díẹ̀, wọ́n ti jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń wa mọ́tò gbé páálí fún ìyàwó ẹ̀ báyìí.