Dókítà ò tíì dárúkọ àìsàn àbúrò mi: ṣé ká ṣì máa lọ?

Ìyá Tòmíwá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ará àdúgbò ń gbìmọ̀ láti pa òun. A ti dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè ni ṣáá: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló ti ṣe rí nínú ẹbí, ṣé ó ń mu igbó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n fún un lóògùn, àmọ́ wọn ò dárúkọ àìsàn kankan. Ìyá wa ní tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni, wọn ì bá ti sọ. Òkè àdúrà ni wọ́n fẹ́ ká gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń dárúkọ àìsàn ọpọlọ. Ibà, àìtó ṣúgà lára, HIV àti àwọn nǹkan míì tó lè da orí èèyàn rú ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ti ìtọ̀, oògùn olóró ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ọjọ́. Nínú ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀, àwọn àmì yìí gbọ́dọ̀ pé oṣù kan kí wọ́n tó pè é ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí tàbí kó gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́; ti àwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù 6 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ṣì wà! Dókítà yín ò sùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ sì má bínú sí ìbéèrè. Láti 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti ń jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn gbé lábúlé ẹ̀gbẹ́ Arò, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, la ti mọ iyì ẹnu ará ilé.

Bàbá Ìbejì: Èmi ni wọ́n sáré fún lórúkọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Mo lo oògùn rẹ̀, ni mo bá ń kun ògiri yàrá láago méjì òru. Ọjọ́ mẹ́ta láìsùn, kò sì rẹ̀ mí. Dókítà kejì ló bi ìyàwó mi bóyá mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún tá a ṣègbéyàwó. Bipolar ni, àìsàn tí ọkàn èèyàn á rẹ̀wẹ̀sì nígbà kan, tára rẹ̀ á sì yá sódì nígbà míì. Ẹ ra ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ wákàtí tó ń sùn sílẹ̀.

Màmá Kúnlé: Ẹ gbàdúrà nílé, kó máa lo oògùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é o! Tó bá ní òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ padà sí ọsibítù.

Ìyá Tòmíwá: Ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá wa ṣé e. Mo ti ra ìwé náà. Lánàá, aago 11 ló sùn, ó jí láago 4. Ìyá wa ní àwọn á bá wa lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.