Díìṣì àtijọ́ orí òrùlé, ṣé lóòótọ́ ló lè gbọ́ oòrùn?

TisaOkeFia:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, a ò ní telescope, ká tiẹ̀ ní in, ojoojúmọ́ lòjò ń ṣú, ìràwọ̀ wo la fẹ́ rí? Mo wá kà á pé èèyàn lè fi rédíò wo ojú ọ̀run, pé ẹnjiníà kan, Karl Jansky, gbọ́ ariwo láti àárín Milky Way, agbo ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú ẹ̀, lọ́dún 1932 níbi tó ti ń wá ohun tó ń da ìpè tẹlifóònù láàmú, pé Grote Reber náà fọwọ́ ara ẹ̀ kan díìṣì tó fẹ̀ ju mítà 9 lọ sẹ́yìnkùlé ní Wheaton, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1937. Díìṣì tẹlifíṣàn tèmi ò ju 90cm lọ, ó ti pẹ́ tá a ti sanwó sọ́bù kẹ́yìn, ẹyẹ ló ń bà lé e. Ṣé ó wúlò àbí kí n tà á fáwọn tó ń ra irin?

OnidiisiIgbona:
Tíṣà, ẹ má tà á jàre. Àwa tá à ń gun òrùlé kiri, oòrùn yẹn ti fojú wa rí nǹkan. Tó bá di oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ó máa ń bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì gan-an, ariwo ẹ̀ á bo síginà mọ́lẹ̀, àwòrán á máa já, kọ́sítọ́mà á pè mí pé iṣẹ́ mi ò dáa, kí n tó gun ọ̀kadà débẹ̀ ó ti dá ara ẹ̀ ṣe, wọn ò sì ní fún mi lówó ọkọ̀ o!
Ẹ wá finder, kiní kékeré alábẹ́rẹ́ tó máa ń han tá a fi ń wá síginà. Ẹ so ó mọ́ LNB, ìyẹn kiní orí apá iwájú díìṣì tó ń gba síginà, bátìrì aago ògiri 10 tẹ́ ẹ tò tẹ̀ léra á gbé e, fóòtì 15 nìyẹn. Ẹ kọjú díìṣì sójú ọ̀run tó ṣófo, ẹ yí bọ́tìnnì títí abẹ́rẹ́ á fi sùn. Ẹ wá kọjú ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sára ògiri, á fò sókè, torí gbogbo nǹkan tó bá ti ní ooru ló ń pariwo rédíò, èèyàn náà wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá oòrùn. Ẹ rántí pé díìṣì yẹn kì í wo ibi tó kọjú sí, òkè díẹ̀ ló ń wò. Ẹ má fojú wá oòrùn o, òjìji apá LNB ni kẹ́ ẹ mú sáàárín díìṣì, kẹ́ ẹ wá máa gbé e sókè-sódò díẹ̀díẹ̀ títí á fi ké.

Eleyinju:
Ẹ̀ ń tan ara yín ni. Sátẹ́láìtì pọ̀ lókè yẹn bí eèrà tó rí ṣúgà. Ta ló sọ pé oòrùn lẹ gbọ́?

OmoFasiti:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ kàn fi díìṣì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn kì í kúrò lójú kan, àmọ́ ojú ọ̀run ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ bíi dígírì 2 ni díìṣì 90cm ń wò, oòrùn á ti kọjá láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ẹ dè é níwájú, kọ́mọ kan máa ka abẹ́rẹ́, kí ìkejì máa ya gíráàfù.
Tó bá wù yín tán, ẹ ra SDR, rédíò kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ẹ fi páálí àti fọ́ìlì ṣe ẹnu fèrè ńlá, ẹ fi LNA tó ń mú síginà lágbára kún un, ẹ lè gbọ́ gáàsì hydrogen inú Milky Way ní 1420 MHz. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ariwo Júpítà ní 20 MHz, wáyà mítà 7 tó o, ṣùgbọ́n ládùúgbò tiwa yìí ínfátà aládùúgbò lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ 😂

TisaOkeFia:
Ẹ ṣé gan-an. A ṣe é ní Sátidé. Abẹ́rẹ́ ò kọ́kọ́ mira, àṣé eku ti jẹ wáyà. Ìgbà tó máa ké, àwọn ọmọ pariwo jù ú lọ, ó sì lọọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Níkejì, ìkùukùu bo oòrùn pátápátá, a ò rí òjìji mọ́, finder ṣì ń ké.

Eleyinju:
Eélòó ni finder yẹn?

OnidiisiIgbona:
Ẹ wá yá tèmi, ẹ má kàn bá mi ba bọ́tìnnì ẹ̀ jẹ́.