Àsìkò ìjì líle ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Houston: kí ni kí n ṣe sí ilé àti ìwé adójútòfò mi?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Katy

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti pẹ́ ní Houston, mo kí yín o. Oṣù Kọkànlá tó kọjá ni èmi àti ìyàwó mi ra ilé àkọ́kọ́ wa, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a fi jẹ́ ayálégbé. Àsìkò ìjì líle yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, kò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Báǹkì tó yá wa lówó ti mú kí a ra ìwé adójútòfò ilé, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àfi ìgbà tí aládùúgbò mi kan sọ fún mi pé bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀, ìwé yẹn kò ní san kọ́bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà kò kúkú ka àdúgbò wa mọ́ ibi tí ewu omíyalé ti pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n ṣe kí oṣù Karùn-ún yìí tó parí?

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, ẹ kú oríire ilé tuntun, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni aládùúgbò yín sọ. Nígbà tí ìjì Harvey wọ Texas lẹ́bàá Rockport ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, atẹ́gùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òjò rẹ̀ kò dá, àwọn ibòmíràn sì gba omi tó ju 50 íǹṣì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé tiwa náà kò sí nínú àgbègbè ewu lórí àwòrán ìjọba. Ní òru ọjọ́ kan mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn, kápẹ́ẹ̀tì sì fún omi jáde lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bíi kànìnkànìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé orúnkún. Àpótí aṣọ òkè ìyá mi wà nílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn yẹn. Àlàárì rẹ̀ ṣí àwọ̀ sára sányán, kò sì sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ilé iṣẹ́ adójútòfò wa kò san nǹkan kan, nítorí pé omi tó ti ìta wọlé kò sí nínú àdéhùn wa. Owó tí a fẹ́ fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì ni a fi gé ògiri tí a sì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí omi wọ̀ lọ́dún náà ló wà lẹ́yìn ààlà àgbègbè ewu. Ẹ má fi àwòrán ilẹ̀ ṣe odi.

Aṣojú Adójútòfò

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ìwé omíyalé dá dúró lọ́tọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti inú ètò ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NFIP, tó lè san tó 250,000 dọ́là lórí ilé gbígbé àti 100,000 dọ́là lórí ẹrù inú rẹ̀, bí ẹ bá ra méjèèjì, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ti ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù. Ayálégbé pàápàá lè ra ti ẹrù. Ohun tó ń dun àwọn ènìyàn jù ni pé ìwé náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi pé, àyàfi bí ẹ bá rà á nígbà tí ẹ ń gba owó ilé ní báǹkì. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìjì ti yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́ jù. Wúrà àti ìyùn kì í gbà ju 2,500 dọ́là lọ lápapọ̀ lórí ìwé yẹn, kò sì kan mọ́tò rárá. Ìwé mọ́tò tí à ń pè ní comprehensive ló ń san ìyẹn.

Ẹ tún wo ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ilé yín fún iye tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lápò ara yín bí atẹ́gùn bá ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá kọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, tí iye tí wọ́n fi dójútòfò ilé náà sì jẹ́ 350,000 dọ́là, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbé 7,000 dọ́là, kì í ṣe ìdá 2 iye òfò. Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Àwọn tó wà ní Galveston àti etíkun yòókù sábà máa ń nílò ìwé atẹ́gùn lọ́tọ̀ láti ọ̀dọ̀ TWIA, ẹgbẹ́ adójútòfò atẹ́gùn ti Texas, tí kì í gba ẹni tuntun nígbà tí ìjì bá ti wọ inú Gulf, òkun tó wà létí Texas.

Bàbá Káfíńtà

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka igi tó rọ̀ sórí òrùlé nísinsìnyí, ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ òrùlé gùn ún wò. Ilẹ̀kùn gáréèjì ni kí ẹ tún fojú sí, torí pé bí atẹ́gùn bá fọ́ ọ wọlé, òrùlé ni yóò tì láti inú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí kọ́ńbọ́ọ̀dù, ẹ ya nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fíríìjì, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Nígbà tí ìjì Beryl dé ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, ìpele kìíní péré ni, síbẹ̀ iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ọ̀pọ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ooru. Bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ilé tó 20 ẹsẹ̀, ẹ má ṣe tàn án nínú gáréèjì bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló sì ti ń pa ènìyàn. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá ti mọ jẹnẹrétọ̀ mọ́ra jù, mo sì ń bẹ̀rù ìyẹn fún wa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Katy

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò dá a padà fún yín. Mo pe aṣojú wa lánàá: ìdá 2 gan-an ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, a kò sì kà á rí. A ti sanwó ìwé omíyalé ti ilé àti ti ẹrù. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ti gbé àpótí aṣọ wa kúrò nílẹ̀ sí orí pẹpẹ tó ga jù nínú yàrá.