Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí ìbálòpọ̀ akọ sí akọ àti abo sí abo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 90 ni, fún ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Iléṣà.

Sódómù ló sábà ń da irú ẹ̀kọ́ yìí rú. Bí a bá fi Jẹ́nẹ́sísì 19 bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ti ìfipábánilòpọ̀, torí ohun tí àwọn ará ìlú fẹ́ fi àwọn àlejò ṣe nìyẹn. Ẹnì kan á ka Ìsíkíẹ́lì 16:49, tó dárúkọ ìgbéraga, àjẹyó àti àìran tálákà lọ́wọ́; ẹlòmíì á fi ẹsẹ 50 àti Júúdà 7, tí wọ́n dárúkọ ohun ìríra àti àgbèrè, fèsì, àkókò á sì tán. A wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Mátíù 19:4-6, ká tó kan Léfítíkù 18:22 àti Róòmù 1:26-27, ká sì kà á wọ Róòmù 2:1, tó bá ẹni tó ń dá ẹlòmíì lẹ́jọ́ wí. (Àwọn tó ń pariwo orí kìn-ín-ní kì í sábà dé orí kejì!) Àbí kí 1 Kọ́ríńtì 6:9-11 ṣáájú Léfítíkù, nítorí àwọn tó máa ní òfin Mósè ti kọjá?

Èyí tó le jù nìyí. Ìpinnu 1.10 tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ṣe ní 1998, ní ìpàdé àgbáyé wọn tí wọ́n ń pè ní Lambeth Conference, kọ ìbálòpọ̀ yìí, ó sì tún ní ká fetí sí àwọn tọ́rọ̀ kàn. Òfin Nàìjíríà ti 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sí kíkópa nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá fọ̀rọ̀ lọ olùdámọ̀ràn ìjọ ní bòókẹ́lẹ́, ta ló tún yẹ kó gbọ́ sí i? Ṣé ká kọ ohunkóhun sílẹ̀? Ẹ̀yin alùfáà àti agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.