Ẹ gbà mí o: kí ni mo lè fi kún oúnjẹ tí mò ń sè fún ajá mi? Ó ń tiro (Abẹ́òkúta)

Ìyá Jákì | Ọjọ́ Ẹtì, 5:48 ìrọ̀lẹ́
Ẹ ńlẹ́ ńbẹ̀un o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn kíákíá ni mò ń wá. Oúnjẹ ilé ni mò ń sè fún Jákì. Láti àná ló ti ń tiro, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Aládùúgbò mi ní fítámìn ló kù sí oúnjẹ rẹ̀. Èwo ni kí n rà, ibo ni mo ti lè rí i ní Pánsẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ kí wọ́n tó pálẹ̀ mọ́? Ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ Adìgbẹ | 5:55
Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní Kútọ̀. Wọ́n ní egungun lílọ̀, wọ́n ní ìkarahun òkun lílọ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n wọn díẹ̀ fún yín, kò wọ́n. Ẹ máa bù ú lé oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bàbá Ọlọ́dẹ | 6:01
Ọmọ mi, ẹ má fowó ṣòfò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ní Ọ̀dẹ̀dá ni mo dàgbà sí. Èbà àti egungun ẹran ìgbẹ́ ni ajá ọdẹ ń jẹ, n kò sì rí ọ̀kan tó tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí. Ẹ fún un ní egungun kó máa wó o. Fítámìn ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 6:04
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mò ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì tó wà ní Àlàbàtà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun: ọmọ oṣù mélòó ni Jákì? Irú ajá wo ni? Kí gan-an lẹ ń sè fún un, látìgbà wo? Ṣé ó ṣubú ni àbí ẹnìkan gbá a?

Ìyá Músù Méjì | 6:06
Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo gba ẹnu yín. Ṣé fítámìn kan náà la lè fún ológbò? Ṣawá tútù nìkan ni àwọn tèmi ń jẹ.

Ìyá Jákì | 6:15
Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò gbá a. Ó ń lọ sí oṣù mẹ́rin. Alsatian ni. Nígbà tí owó oúnjẹ inú àpò lé sókè tí n kò ká a mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sè fún un, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹran màlúù gidi àti kárọ́ọ̀tì díẹ̀. Mo máa ń ṣa gbogbo egungun kúrò kó má baà há a lọ́fun. Ẹran tí àwọn ọmọ mi gan-an ń jẹ ni mò ń fún un. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní fàráǹdà báyìí, á na ẹsẹ̀ iwájú, á fà á padà, á wá jókòó máa wò mí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 6:29
Ẹ ṣé mà. Ohun tí mo fura sí rèé, àmọ́ dókítà ló máa fojú rí i tó máa sọ.

Kálísíọ̀mù àti phosphorus ni egungun fi ń le. Ẹran tí kò ní egungun, phosphorus inú rẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ. Ìrẹsì náà ò ní kálísíọ̀mù tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ kálísíọ̀mù ló yẹ kó fi díẹ̀ ju phosphorus lọ nínú oúnjẹ ajá tó ń dàgbà, bí 1.2 sí 1. Tí kálísíọ̀mù bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ara á lọ yá a lára egungun, kò sì ní rí i san padà. Egungun á fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ bí ọrun, ó sì lè dá níbi tí ajá ti fò lórí àga lásán. Ọmọ ajá irú Alsatian tètè ń dàgbà, ìyẹn ni kì í fi í pẹ́ hàn lára tirẹ̀.

Bàbá Ọlọ́dẹ, ẹ̀yin náà ò jìnnà sí i sà. Egungun tí àwọn ajá ọdẹ ń wó ni kálísíọ̀mù wọn. Egungun yẹn gan-an ni Ìyá Jákì ń ṣa kúrò. Àmọ́ ẹ má ṣe fún un ní egungun adìẹ tí wọ́n ti sè, ṣóńṣó rẹ̀ lè gún ìfun.

Lálẹ́ òní: ẹ má jẹ́ kó sáré, kó má fò, kó má gun àtẹ̀gùn. Ẹ fi sí kọ̀rọ̀ yàrá kékeré kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù. Lọ́la ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ẹranko wa ní Àlàbàtà, tàbí sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n wo egungun rẹ̀.

Ọmọ Adìgbẹ | 6:33
Ṣé ẹ rí i? Kálísíọ̀mù ni. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 6:37
Ẹ̀gbọ́n, bíbù láìwọ̀n ni mò ń bẹ̀rù. Ọmọ ajá ńlá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ò lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ni á wọlé, egungun á tún dàgbà sódì. Egungun lílọ̀ tàbí ìkarahun òkun lílọ̀ ti adìẹ tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó wà nínú rẹ̀.

Àǹtí Onílásà | 6:52
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí Ọlọ́run. Mo ní Lhasa kan, irú ajá kékeré onírun gígùn, Sílífà lorúkọ rẹ̀, kò tó kílò mẹ́fà. Oúnjẹ ilé ló ń jẹ. Irun rẹ̀ ń já, mo lọ béèrè lọ́wọ́ olóògùn kan ládùúgbò, ó ní fítámìn D ni, pé tèèyàn náà dáa fún ajá. Màmá mi ní hóró fítámìn D nílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí màmá máa lò ó. 50,000 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí 50,000 túmọ̀ sí. Mo ń bẹ́ hóró kan sínú ìrẹsì Sílífà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Kì í ṣe omi díẹ̀ o. Mo bu omi sí abọ́, kí n tó yí padà ó ti gbẹ, ó ń lá ìdí abọ́. Ó ń tọ̀ sí ibi tó bá sùn sí, òun tí kì í tọ̀ sínú ilé rí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní kálísíọ̀mù ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ba kídìnrín jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí omi tí wọ́n fà sí i lára. Ọwọ́ mi ló kú sí.

Ìyá Jákì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní fítámìn kankan. Kankan.

Bùnmi Ọbáńtókò | 6:55
Jésù. Ẹ kú ìrọ́jú, Àǹtí. Fítámìn D wà nínú epo ẹ̀dọ̀ ẹja tí mò ń fún ajá tiwa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á nù báyìí ni.

Ọmọ Adìgbẹ | 6:58
Ẹ kú àdánù, Àǹtí. Àmọ́ èyí kì í ṣe ẹjọ́ kálísíọ̀mù. Fítámìn D ló pa tiyín.

Bùnmi Ọbáńtókò | 7:00
Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ń sọ̀rọ̀ ajá tó kú, ẹ̀yin ń dá ẹjọ́.

Ọmọ Adìgbẹ | 7:02
N kò dá ẹjọ́ kankan. Ọmọ ajá kan ń tiro lọ́wọ́ báyìí. Tí gbogbo wa bá sọ pé kó má fún un ní nǹkan kan, ìrẹsì àti ẹran yẹn náà ni á tún jẹ lálẹ́ yìí.

Ìyá Jákì | 7:04
Mo ti ra hóró kálísíọ̀mù tèèyàn kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kí n tó ka gbogbo èyí o. Wọ́n kọ fítámìn D3 sí i lára. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N kò tíì fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 7:10
Ẹ má fún un mà. Àǹtí Onílásà, ẹ kú àjálù, òótọ́ lẹ sọ, ohun tí fítámìn D tó bá pọ̀ jù ń ṣe nìyẹn. Ara kì í tọ̀ ọ́ dànù, ńṣe ló ń pa á mọ́. Hóró tèèyàn tún lè ní ayọ́ọ̀nù (iron) tó pọ̀ jù fún ajá, àwọn kan tó dùn lẹ́nu sì ní xylitol, ohun adùn kan tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, ìyẹn lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bàbá Ọlọ́dẹ | 7:14
Ṣé oòrùn àárọ̀ kò lè ṣe é? Oòrùn àárọ̀ la fi ń wo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀. Kó tẹ́ ẹ síta láti aago méje sí mẹ́sàn-án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 7:19
Fún ọmọ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni sà. Ajá àti ológbò ò rí bíi tiwa. Awọ ara wọn kò lè fi oòrùn ṣe fítámìn D tó wọn, inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń rí i. Oòrùn ò ní pa Jákì lára, kò kàn ní tún egungun rẹ̀ ṣe ni.

Bàbá Ọlọ́dẹ | 7:21
Èyí tuntun sí mi. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

Bùnmi Ọbáńtókò | 7:26
Mo rí ìlànà oúnjẹ ajá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: adìẹ, ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́, òróró díẹ̀. Wọ́n ní ó pé pérépéré, kò nílò àfikún. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Jákì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 7:31
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi ránṣẹ́. Àwọn dókítà ẹranko ní University of California, Davis yẹ 200 irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n gbé e jáde ní 2013: 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín ní ó kéré tán ohun kan tí ajá ò gbọdọ̀ má rí jẹ. Àwọn dókítà gan-an ló kọ òmíràn nínú wọn. Èyí tẹ́ ẹ kà yìí, níbo ni kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀? Àní kí ẹ tiẹ̀ sè é dáadáa, kálísíọ̀mù ò ní tó nínú rẹ̀.

Ìyá Músù Méjì | 7:34
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ṣawá tútù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 7:45
Ẹ má bínú mà. Ẹ máa sè é. Ṣawá tútù ní ohun kan tó ń jẹ fítámìn B1 run, iná ló ń pa á. Ológbò tí B1 bá tán lára rẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀. Tí ẹ bá sè é tán, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Ohun kan wà tó ń jẹ́ taurine, ajá lè ṣe é fúnra rẹ̀, ológbò ò lè ṣe èyí tó tó o, inú omi ọbẹ̀ ló sì máa ń yọ́ sí. Ológbò tí kò bá rí i jẹ lè fọ́jú, ọkàn rẹ̀ sì lè wú. Láti 1987 ni wọ́n ti rí i dájú pé òun ló ń fa àìsàn ọkàn yẹn. Ẹ fi ọkàn adìẹ kún un. Ẹja nìkan kò tó wọn.

Ìyá Músù Méjì | 7:48
Omi yẹn ni mo máa ń dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo dúpẹ́.

Kẹ́hìndé Aṣérò | 7:52
Ṣé kórópe máa ń gbà kí èèyàn gbé Alsatian wọlé láti Kám̀pù lọ sí Àlàbàtà? Tiwa náà fẹ́ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ọmọ Adìgbẹ | 7:54
Tí ẹ bá san owó ìjókòó méjì. Ẹ dì í lẹ́nu.

Ìyá Jákì | 9:20 alẹ́
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Ohun tí mo ṣe rèé. Mo lọ bá ẹni tí mo ti ra Jákì, ó wọn kílò kan oúnjẹ ọmọ ajá fún mi láwìn. Ẹgbẹ́ ilé wa ni ọ̀gbẹ́ni kan ti ń dín ẹyin, ó kó èèpo ẹyin ọ̀rá kan fún mi. Mo fọ̀ ọ́, mo bó awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, mo yan án gbẹ nínú páànù, mo lọ̀ ọ́, mo fi asẹ́ èlùbọ́ sẹ́ ẹ. Tí mo bá fọwọ́ rà á, ó ṣì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí iyanrìn odò Ògùn, mo tún padà lọ̀ ọ́. Ìdajì ìrẹsì àti ẹran, ìdajì oúnjẹ ọmọ ajá ni mo pò, mo wá bu ṣíbí ìmutíì kan èèpo ẹyin lé e. Àlàbàtà di oṣù tó ń bọ̀, tí owó bá wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 9:27
Ìyá Jákì, ẹ kú iṣẹ́, mo rí i pé ẹ ṣe wàhálà gan-an. Àmọ́ ṣíbí kan yẹn jẹ́ nǹkan bí 2,000 mílígíráàmù kálísíọ̀mù, oúnjẹ ọmọ ajá yẹn sì ti ní tirẹ̀ nínú. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ọmọ ajá nìkan ló ń jẹ, kò nílò èèpo ẹyin rárá. Tó bá jẹ́ ìrẹsì àti ẹran nìkan ni, à bá wọ̀n ọ́n mọ́ ìwọ̀n ẹran. Pípò méjèèjì pọ̀ yìí ló ṣòro láti ṣírò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní oúnjẹ ọmọ ajá nìkan títí egungun á fi le, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa rà á.

Àǹtí Onílásà | 9:30
Ẹ yọ èèpo ẹyin yẹn kúrò, Ìyá Jákì. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Adìgbẹ | 9:33
Ẹ jẹ́ kó sinmi lálẹ́ òní. Èèpo ẹyin kì í ṣe fítámìn D. Mo lè dá owó ọkọ̀ lọ sí Àlàbàtà, ẹni tó bá fẹ́ fi kún un kó sọ.

Bàbá Ọlọ́dẹ | 9:36
Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un.

Ìyá Jákì | 10:05
Ó ti jẹ ẹ́, ó lá abọ́ mọ́. N kò lè gba èyí tó ti jẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti sùn sórí ìró mi ní kọ̀rọ̀, mo fi àga méjì dí ẹnu ọ̀nà kó má baà jáde. Ẹsẹ̀ yẹn ṣì tẹ̀. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Màá wo ti ọkọ̀ yẹn lọ́la.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà | 10:08
Tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, ẹ gbé e mà, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ní fàráǹdà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan sábẹ́ àyà, ìkejì sábẹ́ ìdí.