Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń yẹ omi wò: ṣé kí n bọ́ sínú iṣẹ́ ìyípadà ojú ọjọ́?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Sáyẹ́ǹsì àyíká ni mo kà. Láti ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ mi kò ju kí wọ́n gbé ìgò omi wá láti odò kan náà, kí n wọn pH rẹ̀, ìyẹn bó ṣe kan tó, kí n wo èròjà náítíréètì inú rẹ̀ àti bó ṣe rú tó, kí n kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà ọ̀hún, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ti sú mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ àti ìyípadà ojú ọjọ́ ló wù mí. Ọkàn kan ní kí n padà lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé, òmíràn ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ máàpù. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, ẹ̀rín ló fi mí rín: "Ojú ọjọ́ kì í ṣe iṣẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọjọ́ ń lọ.

Onígbó:
Àbúrò, ọ̀gá rẹ kò parọ́ tán. Omi, igbó, erùpẹ̀ tàbí ẹja lèèyàn ń dì mú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yóò ti wá bá a. Èmi, igi ni mo ń wọ̀n. A ó fi téèpù yí igi po ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, a ó fi ìyẹn ṣírò bí yóò ṣe wúwo tó tó bá gbẹ. Bí ìdajì ìwọ̀n yẹn ni kábọ́ọ̀nù. Tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po 3.67, o ti mọ iye gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tí igi náà ti fà mọ́ra. Ó rọrùn létí, àbí? Lọ́dún kan, téèpù wa ti fà, kò sẹ́ni tó fura. Igi ńlá wá di kékeré nínú ìwé wa. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wọn igbó yẹn, gbogbo rẹ̀ la sì tún wọ̀n. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà mọ̀ pé ohun èlò lè purọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Má fi omi sílẹ̀.

Aláwòrán Ilẹ̀:
Ẹ má tíì forúkọ sílẹ̀ fún oyè kankan o. Ẹ kọ́ QGIS ná, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Láti 1972 ni sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé, láti 2008 sì ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó kéré jù tó lè fi hàn yín fẹ̀ tó mítà 30, ti sátẹ́láìtì Sentinel-2 sì dé mítà 10. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọ̀ ewé máa ń tan èèyàn. Mo ti kun ibì kan ní àwọ̀ igbó rí, mo tún fi yangàn nípàdé, àṣé igi tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà ni, gbogbo rẹ̀ irú kan náà. Ẹ fẹsẹ̀ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí máàpù kankan.

Ìyá Ìpàdé:
Ẹ̀yin oníwọ̀n, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé etí omi ńkọ́? Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé, ní 2009, fi hàn pé àwọn tó jọ ń lo ohun kan lè fúnra wọn ṣòfin tí kò ní jẹ́ kó run. Èmi kò tíì mọ ìyẹn nígbà ìpàdé mi àkọ́kọ́. Mo ń fi àwòrán han àwọn èèyàn, mo ń sọ̀rọ̀ lọ, àfi bí màmá àgbà kan ṣe nawọ́: "Àwa tí à ń bu omi ọ̀hún, ìgbà wo lẹ máa bi wá?" Ara mi bù máṣọ.

Olùkọ́:
Tó bá jẹ́ ìwádìí lẹ fẹ́ fi jẹun, ẹ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, digírì kejì tó. IPCC, àjọ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, kì í ṣe ìwádìí fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ jáde ló ń yẹ̀ wò. Nọ́ńbà ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ kó pa mọ́ yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. N kò sùn lánàá. Mo wá àwòrán odò wa ti 1990 àti ti ọdún tó kọjá, mo gbé ọ̀kan lé èkejì. Igbó tó wà lápá òkè odò ti lọ, ó ku bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ létí omi. Mo wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Lọ́dọọdún ni omi ń rú sí i lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ̀rọ wa ni mo sì ń rò pé ó ti gbó. Ìyá Ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá dé òkè odò yẹn, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kí, kí sì ni kí n bi í?