Fíìmù apààyàn inú ọsíbítù: kí ló dé tí kì í bani lẹ́rù?

Ọmọ Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onífíìmù. A fẹ́ ya fíìmù slasher (èyí tí apààyàn kan ti ń pa èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan) oníṣẹ́jú 15 nínú ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti tì pa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Halloween II, fíìmù Amẹ́ríkà ti ọdún 1981, la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí inú ọsíbítù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wáyé, àmọ́ ó já wa kulẹ̀: ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù ò sí. Kí ló bà á jẹ́? Kámẹ́rà kan, iná LED méjì tó ń lo bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré la ní.

Oníkámẹ́rà Ṣàgámù:
Àbúrò, òfìfo ló bà á jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọsíbítù yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè wọn. Laurie, ọmọbìnrin tí apààyàn ń lé, tó yẹ kí ọkàn wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà fún ìgbà pípẹ́, oògùn ti kùn ún lóorun. Rick Rosenthal ló darí rẹ̀. John Carpenter tó wà lára àwọn tó kọ ọ́ tún lọ ya ẹ̀jẹ̀ sí i kó tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò tún ìtàn ṣe.

Ta ni yóò gba irú ọsíbítù bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní Rẹ́mọ? Tiwa lóru, ará aláìsàn ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ́dẹ ń bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀ ní géètì. Ẹ wá ibi tó nídìí tó fi dá páropáro: yàrá fáìlì, yàrá X-ray, ibi ìfọṣọ. Kí a sì máa gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́yìn ògiri bí apààyàn ṣe ń bọ̀. Ògúndé ọmọ Òṣósà mọ èyí: àárín ìlú ni àwọn àjẹ́ inú fíìmù rẹ̀, Aiyé (1979), ti ń ṣọṣẹ́, kì í ṣe ahoro.

Ní ti iná, 50 Hz (ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ tó ń bọ̀. Nínú kámẹ́rà, ẹ fi frame (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 25, kẹ́ ẹ fi shutter (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí) sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá lo 1/60, ẹ ó rí ìlà dúdú tó ń yí lójú àwòrán lábẹ́ iná fluorescent, iná funfun tó rí bí ọ̀pá gígùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú jù: eré rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìlà náà lè yọ pẹ̀lú 1/50. Ẹ pa iná òrùlé, ẹ lo LED yín, kẹ́ ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ bí ẹ bá ń gba ohùn.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀jẹ̀: ife ṣúgà méjì, ife omi kan, ẹ sè é títí yóò fi máa fà díẹ̀. Bó bá tutù, ẹ fi àwọ̀ pupa oníkéèkì sí i, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po kòkó lílọ̀, ṣíbí kékeré kan, kó kúnná kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Láìsí kòkó, á pọ́n bíi mínírà lórí táìlì funfun. Ọṣẹ olómi díẹ̀ á jẹ́ kó tètè fọ̀ lára aṣọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí nínú èyí tó máa kan ẹnu. Ẹ bò ó dáadáa, èèrà!

Èyí tó ń bani lẹ́rù jù lọ ò ná yín ní nǹkan kan. Bí àpò dírípù bá wà nísàlẹ̀ ju apá aláìsàn lọ, ẹ̀jẹ̀ lè máa padà wọ inú rọ́bà. Kí kámẹ́rà wo rọ́bà yẹn nìkan bó ti ń pọ́n bọ̀. Ẹ má gún ẹnikẹ́ni o: ẹ fi pílásítà lẹ rọ́bà mọ́ apá, kí ẹnì kan fi síríńjì ti àwọ̀ wọlé láti abẹ́ aṣọ ìbora.

Atẹ́gùn bíńtín nínú rọ́bà kì í pààyàn bí fíìmù ṣe ń ṣe é. Bí ìlà ọkàn bá sì ti tẹ́jú pẹrẹsẹ lójú ẹ̀rọ, a kì í fi iná mànàmáná gbé e: àyà là ń tẹ̀, a ó sì fún un ní oògùn adrenaline.

Ọmọ Òde:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Zóbò ń kọ́, dípò àwọ̀ oníkéèkì?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Rárá. Ó ṣàn jù, bó bá sì kan ọṣẹ, á ṣú bíi aró.

Kí ẹni tí wọ́n ń lé tó fẹsẹ̀ lásán sáré níbẹ̀, ẹ wọ bàtà tó nípọn gbá gbogbo ilẹ̀, torí abẹ́rẹ́ àlòkù lè wà nínú ilé ìwòsàn àtìpa. Páńkà ni kẹ́ ẹ fi kó o, kì í ṣe ọwọ́, sínú ike líle tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ sì gbé e fún ọsíbítù tó ń ṣiṣẹ́.